Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó: Ọ̀rọ̀ Mọ́dígáàdì Lára Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè

Ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó kò jìnnà: bíi kìlómítà 45 sí 50 ni, bí a bá wo ibi téèyàn ti gbéra nínú ìlú. Awakọ̀ èrò kì í ka ìrìn náà sí nǹkan kan. Èrò míì kò ní tíì sùn jí tí wọ́n á fi máa sọ̀ ní ìgboro Oǹdó. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọ̀nà náà ń fi ara rẹ̀ hàn fún. Ó máa mọ ibi tí títì ti ń gòkè àti ibi tó ti ń rọ́ sílẹ̀ lọ bá odò Ọ̀wẹnà. Ó máa mọ ibi tí ọ̀dà ti ṣí tí omi òjò sì rọ́gún sí. Bó bá sì yà kúrò ní títì ní Àpọnmù tàbí ní Bọ́lọ́runduró, tó wọ ọ̀nà abà, ilẹ̀ pupa ni yóò bá, pẹ̀lú igi kòkó lọ́tùn-ún lósì. Kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ lóde òní, yálà tuntun tàbí tòkunbọ̀, kì í ṣe Raleigh gíga tí àwọn bàbá wọn gùn. Èyí tí òyìnbó ń pè ní mountain bike ni: táyà rẹ̀ fẹ̀, ó ní eyín, jíà rẹ̀ pọ̀, fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ ní sípíríìnì tó ń rọ̀ mọ́ kòtò. Gbogbo nǹkan tí ọ̀nà oko ń fẹ́ ló ní, àfi mọ́dígáàdì. Ìbéèrè tó wá wà nílẹ̀ ni pé ṣé ó yẹ kí èèyàn náwó sí i, kó de mọ́dígáàdì mọ́ kẹ̀kẹ́ tí àwọn tó ṣe é kò fi sí? Èrò tèmi ni pé ó yẹ, pàápàá jù lọ ti iwájú. Ọ̀pọ̀ ìdí tí wọ́n máa ń sọ pé kò yẹ, ìdí ilẹ̀ ibòmíì ni, kì í ṣe ti ilẹ̀ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí kẹ̀kẹ́ náà ti ṣẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n á ra kẹ̀kẹ́ àlòkù onítáyà ńlá, irú èyí tí Schwinn ti ń ṣe ṣáájú ogun àgbáyé kejì, wọ́n á tú gbogbo ohun tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ẹrù lára rẹ̀, mọ́dígáàdì sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú. Wọ́n á wá gbé e lọ sórí Òkè Tamalpais, wọ́n á sì sáré sọ̀kalẹ̀. Lọ́dún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje tí wọ́n sọ ní Repack ní Marin County kan náà. Lọ́dún 1977 Joe Breeze ṣe férémù tó jẹ́ ti eré náà gan-an, kì í ṣe àlòkù mọ́. Nígbà tó fi máa di 1981, ilé-iṣẹ́ Specialized ti gbé Stumpjumper jáde, kẹ̀kẹ́ orí òkè sì di ọjà tí ayé gbogbo ń rà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọjọ́ ibẹ̀. Ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀ ní apá ibẹ̀ yẹn ní California. Láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹsàn-án, òjò ṣọ̀wọ́n, eruku ló ń gba ojú ọ̀nà. Ẹni tó tú mọ́dígáàdì níbẹ̀ kò pàdánù ohunkóhun, ó tiẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ariwo irin tó ń jó lórí òkúta. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kẹ̀kẹ́ tó wá láti ọwọ́ wọn ló kúrò nílé láìsí aṣọ òjò, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù méje.

Kẹ̀kẹ́ tó kọ́kọ́ gba àárín wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Raleigh ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1880, òjò ibẹ̀ kò sì mọ ìgbà. Nítorí náà ni kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú tí wọ́n ń kó wá fi ní mọ́dígáàdì onírin gígùn níwájú àti lẹ́yìn, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dì mú mọ́ ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì tún ní ohun tó bo ṣéènì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ fún agbègbè Oǹdó àti Àkúrẹ́ ju ìwúlò rẹ̀ fún àwọn ìlú míì lọ, nítorí pé ojú irin kò débí rárá. Rélùwéè dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó dé Òṣogbo lọ́dún 1907, ó sì gba òkè lọ. Àwọn ìlú kòkó tó wà ní ìlà-oòrùn ṣẹ́kù sí ọwọ́ lọ́rì, orí ènìyàn àti kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ lè lọ oko rẹ̀ láàárọ̀, kó sì tún padà wọ ilé lọ́sàn-án láti bá oníkòkó dúnàá-dúrà pẹ̀lú aṣọ tó ṣe é wò. Mọ́dígáàdì jẹ́ ara ohun tó jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe. Bí ìran kẹ̀kẹ́ kan ti ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, ohun tí a gbà wọlé dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ti jíà àti táyà, ṣùgbọ́n ní ti òjò, a fà sẹ́yìn.

Òjò náà kì í sì í ṣe kékeré. Àkúrẹ́ máa ń gba òjò tó nǹkan bíi mìlímítà 1,500 lọ́dún, láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Òjò Nottingham lọ́dún kan kò ju bí ìdajì ìyẹn lọ. Ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ jẹ́ ìdajì tiwa kò gbà kí wọ́n ta kẹ̀kẹ́ iṣẹ́ láìní mọ́dígáàdì. Kí ló dé tí àwa fi gbà? Ẹnì kan lè ní òjò tiwọn ń sọ kín-ín-kín-ín láti àárọ̀ dalẹ́, àmọ́ tiwa a rọ̀ gidi fún wákàtí kan, oòrùn á sì yọ, ilẹ̀ á gbẹ. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀ tó bá jẹ́ ojú títì ọlọ́dà là ń sọ. Ní ọ̀nà abà, níbi tí kòkó àti igi ńlá ti bo ojú oòrùn, ilẹ̀ tí òjò àná rọ̀ sí kì í gbẹ títí òjò tòní á fi tún bá a. Lórí títì pàápàá, ibi tí ọ̀dà ti ṣí kì í tètè gbẹ. Omi ibẹ̀ a máa dúró fún ọjọ́ púpọ̀, táyà ọkọ̀ á máa lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ iyanrìn àti epo tó ń jò lára tírélà.

Bí ẹrẹ̀ ṣe ń dé ara ẹni, ìṣirò kékeré lè là á yé wa. Kẹ̀kẹ́ tó ń sáré kìlómítà 20 ní wákàtí kan, eré tí kò le rárá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ń lọ ní mítà 5.6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ojú táyà ṣe ń yí. Omi tó lẹ̀ mọ́ táyà á bá a yí díẹ̀, á já, á sì fò lọ sí ibi tí ojú táyà ń lọ lásìkò tó já. Èyí tó bá já ní apá ẹ̀yìn, níbi tí táyà ti ń gòkè, ààrin ẹ̀yìn ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ló ń bá. Bí afẹ́fẹ́ kò bá dí i lọ́wọ́, eré yẹn tó láti gbé e sókè tó mítà kan àbọ̀. Ìdí nìyí tí ìlà ẹrẹ̀ kan fi máa ń fà láti ìdí ṣòkòtò títí dé ọrùn ẹ̀wù. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, bó ṣe máa ń rí nígbà tí títì bá ń rọ́ lọ sí Ọ̀wẹnà, agbára tí omi náà fi ń fò á di ìlọ́po mẹ́rin. Ti iwájú ló wá léwu jù. Yorùbá ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Táyà iwájú ń da omi síwájú ní ti gidi: omi tó já ní òkè rẹ̀ á fò sókè síwájú, afẹ́fẹ́ á dín eré rẹ̀ kù, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á sì fi ojú lé e bá. Ọ̀rọ̀ aṣọ lè dúró. Ọ̀rọ̀ ojú kò lè dúró. Ẹni tí ẹrẹ̀ ta sí lójú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kòtò wà níwájú rẹ̀, ti di afọ́jú fún àkókò tó tó láti ṣubú. Bí mọ́dígáàdì iwájú kò bá ṣe iṣẹ́ kankan ju ìyẹn lọ, ó ti san owó rẹ̀ padà.

Àwọn kan á fèsì pé ọkọ̀ tó ń kọjá ló ń da omi síni lára jù, mọ́dígáàdì kẹ̀kẹ́ kò sì lè dá ọkọ̀ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni, kò lè dá a dúró. Àmọ́ ọkọ̀ a da omi síni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti lọ. Táyà tó wà lábẹ́ ẹni kò sinmi láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó.

Ẹrẹ̀ tó ń wọ ẹnu náà yẹ ká ronú sí, nítorí pé àwọn oníṣègùn ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, ìdíje kẹ̀kẹ́ orí òkè kan wáyé ní Squamish, ní ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà kún fún ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà mú ju 200 nínú àwọn tó díje. Kòkòrò Campylobacter ni wọ́n rí, èyí tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹran àti ẹyẹ, ẹrẹ̀ tó ta sí wọn lẹ́nu ni àwọn olùwádìí sì tọ́ka sí pé ó gbé e wọlé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Builth Wells ní Wales, níbi tí àgùntàn ti ń jẹko lẹ́bàá ọ̀nà eré. Ẹ wá wo ọ̀nà tiwa. Ewúrẹ́ ń sùn sójú títì ní Bọ́lọ́runduró àti ní gbogbo abà. Adìyẹ ń jẹ̀ káàkiri. Gọ́tà tó kún ní ìgboro Àkúrẹ́ a máa da ohun inú rẹ̀ sójú ọ̀nà bí òjò bá ti le. Ohun tó wà nínú omi pupa yẹn ju amọ̀ lọ. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń mí nípasẹ̀ ẹnu nígbà tó bá ń gòkè, ẹnu tó là sílẹ̀ náà sì ni táyà iwájú ń ta sí. Ìgò omi tó so mọ́ férémù, tó fẹ́ fi ẹnu mu, ẹrẹ̀ kan náà ti bò ó. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé mọ́dígáàdì ni oògùn ìgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí kò dé ẹnu kò lè ṣe ẹnu ní nǹkan.

Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń jìyà pẹ̀lú. Ilẹ̀ pupa wa kì í ṣe amọ̀ nìkan. Wóró òkúta funfun kéékèèké tó jáde lára àpáta Àkúrẹ́ àti Ìdànrè wà nínú rẹ̀, ó le, ó mú, ó sì ń há irin. Táyà iwájú ń fi ẹrẹ̀ yìí lu ibi tí pẹ́dà ti wọ férémù, ó sì ń kó o sórí ṣéènì. Láàárín pín-ìnì kan sí èkejì lára ṣéènì jẹ́ mìlímítà 12.7, bí iyanrìn bá lọ àwọn pín-ìnì yìí débi pé ṣéènì fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eyín jíà, á sì máa yọ nígbà tí èèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí òkè. Nígbà náà, ṣéènì nìkan kọ́ ni oníṣẹ́ kẹ̀kẹ́ máa pààrọ̀. Mọ́dígáàdì kò lè dá gbogbo rẹ̀ dúró, nítorí ṣéènì kẹ̀kẹ́ orí òkè wà ní gbangba, ṣùgbọ́n èyí tó gùn díẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ ń gba ìpín tó pọ̀ jù nínú ohun tí táyà iwájú ń ta. Owó rẹ̀ kéré sí owó jíà tuntun lọ́nà tó jìn.

Àtakò kan ló lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀, ẹni tó ti wọ ọ̀nà oko sì ni yóò mú un wá: amọ̀ máa ń dí mọ́dígáàdì. Ó ń kó sí àárín táyà àti mọ́dígáàdì, ó ń le, táyà á kọ̀ kò yí mọ́, èèyàn á sì gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìwé tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1962, fi orúkọ Oǹdó pe ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ tó kà sílẹ̀. Ilẹ̀ tó jáde lára àpáta líle ni, amọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀ bí a bá ti gbẹ́ ẹ wọlé díẹ̀. Amọ̀ yẹn gan-an ni kòkó fi ń yè: òun ló ń di omi mú fún gbòǹgbò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ tó sọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó di ibi tí wọ́n ti ń kórè kòkó jù ní Nàìjíríà ni ilẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ táyà. Kò sí bí a ṣe fẹ́ gba ọ̀kan ká kọ èkejì.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo kẹ̀kẹ́ tí kò ní mọ́dígáàdì nínú amọ̀ kan náà. Eyín táyà rẹ̀ ń kó o, ó ń gbé e lọ sábẹ́ orí fọ́ọ̀kì, sí àárín irin méjì tó di táyà ẹ̀yìn mú, sórí rọ́bà bíréèkì. Òun náà ń dúró. Mọ́dígáàdì lè mú kó tètè dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá amọ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń pinnu ni àyè. Mọ́dígáàdì Raleigh àtijọ́ sún mọ́ táyà pẹ́kípẹ́kí nítorí pé táyà ìgbà náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá lọ tú u wá dè mọ́ táyà ńlá òde òní ń wá ìjàngbọ̀n. Ó kéré tán, ìka méjì gbọ́dọ̀ lè kọjá láàárín táyà àti mọ́dígáàdì, ìka mẹ́ta bó bá jẹ́ ọ̀nà abà ni iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ gígùn. Ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí àwọn ará Britain ń lò, ìwúwo rẹ̀ kò ju ti ẹyin adìyẹ lọ, okùn ike mẹ́rin ni wọ́n fi ń dè é mọ́ irin tó so ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀. Ó dáàbò bo ojú àti orí fọ́ọ̀kì, kò sì ní ìrù gígùn tí amọ̀ lè kó sí. Ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì yẹn ni kí èèyàn dè é mọ́, kì í ṣe òkè. Ìsàlẹ̀ ń gbéra pẹ̀lú táyà. Bó bá jẹ́ òkè ni, nígbà tí sípíríìnì bá rọ̀ wọlé, tí èyí tó pọ̀ nínú wọn sì lè rọ̀ tó mìlímítà 100, táyà á lọ gbá mọ́dígáàdì náà. Ẹni tí kò bá rí èyí tí wọ́n ṣe fún un rà lè gé e láti ara kẹ́ẹ̀gì epo tó ti gbó. Ike rẹ̀ le, ó sì ń tẹ̀.

Ẹ̀rí tó wúwo jù lójú mi wà lára àwọn ọlọ́kadà. Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tó wọn, nítorí pé lórí rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Bí a bá wo alùpùpù tó dúró sí ìdúró wọn ní Ọ̀wẹnà, mọ́dígáàdì tí ilé-iṣẹ́ fi sí i kì í sábà tó wọn. Wọ́n ti gé rọ́bà láti ara táyà tó ti kú, wọ́n lu ihò méjì sí i lókè, wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ ìdí mọ́dígáàdì iwájú, ó sì ń jù fìrìfìrì sílẹ̀ títí ó fi ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ya jágajàga, àwọ̀ pupa sì ti wọ inú rẹ̀ débi pé fífọ̀ kò yọ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ tí rọ́bà yẹn ń ṣe ni láti gba bàtà, ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ èrò lọ́wọ́ ohun tí táyà ń ta. Ẹni tó ń ra epo lójoojúmọ́, tó ń ṣírò gbogbo náírà, kò ní so ohun tí kò wúlò mọ́ ara ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n tún ń fi kún mọ́dígáàdì ni, wọn kì í tú u. Bí ọ̀dọ́ tó gun kẹ̀kẹ́ bá wá ń sọ pé ọ̀nà wa burú ju ohun tí mọ́dígáàdì lè gbà lọ, àwọn tó ń gba ọ̀nà náà jù ú lọ ti dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ewu wà tí mi ò ní fojú fò. Mọ́dígáàdì gígùn tí wáyà irin dì mú lè gbé igi kékeré wọlé láàárín ara rẹ̀ àti táyà, á ká jọ, á sì ti táyà iwájú pa. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ á fò kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Lójú ọ̀nà oko tí igi kòkó ń já sí, ìyẹn ṣeé ṣe dáadáa, ìdí rèé tí mo fi sọ pé ike kékeré ló tọ́ sí iwájú, kì í ṣe irin gígùn. Ti ariwo, bóòtù tó bá fún dáadáa kì í pariwo. Ti ẹwà, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé mọ́dígáàdì ń sọ kẹ̀kẹ́ di ti àgbàlagbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ kíláàsì ní yunifásítì Adéyẹmí tàbí ti ìmọ̀ ìṣègùn ní Oǹdó pẹ̀lú ìlà ẹrẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀wù funfun kò fi bẹ́ẹ̀ rẹwà ju àgbàlagbà náà lọ.

Bí ó ti wá rí ni pé ti iwájú yẹ fún gbogbo ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè ní agbègbè yìí, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀ àfi ẹni tó ń díje nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti ẹ̀yìn yẹ fún ẹni tó ń lọ síbi tí wọ́n ti máa wo aṣọ rẹ̀: oníṣẹ́ ọ́fíìsì, akẹ́kọ̀ọ́, tíṣà, ẹni tó ń ru ọjà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹni tí oko nìkan ń gbé e jáde, tó sì ti wọ aṣọ oko, lè fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ láìsí àbámọ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku ló kù, mọ́dígáàdì kò sì ṣe eruku ní nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ lè tú ti ẹ̀yìn pamọ́. Oṣù kejì ni kó ti tún un dè, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kó fi gíríìsì díẹ̀ sí ìdí bóòtù kí ó má bàa dógùn-ún, kó sì yí táyà lọ́wọ́ yípo lẹ́ẹ̀kan láti rí i pé ìka méjì yẹn ṣì ń kọjá.